Google Sheets fún ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì: ohun tí mo rí nínú lílò rẹ̀ ní Àjàṣẹ́

Ẹni tó bá ń ra báàgì, bàtà àti aṣọ ọmọdé láti Ṣáínà wá tà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí mọ bí fóònù ṣe ń kún. Àwòrán ojú fóònù wà lọ́tọ̀, líǹkì tí ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp wà lọ́tọ̀. Oníbàárà á ní, "Tántì, báàgì aláwọ̀ ewé tẹ́ ẹ fi hàn mí lọ́jọ́sí ńkọ́?" Àwòrán á wà, àmọ́ a ò ní rí ojúlé ẹni tó ń tà á mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kó gbogbo rẹ̀ sínú Google Sheets, ìwé ìṣirò orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní ìlà àti òpó.

Ọ̀fẹ́ ni, fóònù Android kékeré sì lè gbé e. Ìlà àkọ́kọ́ ni mo kọ orí òpó kọ̀ọ̀kan sí: orúkọ ọjà, líǹkì, ọjọ́ tí mo rí i, iye rẹ̀, àwọ̀ àti nọ́mbà (bó ṣe tóbi tó), kílò, iye tó máa dé Àjàṣẹ́, àti ibi tọ́rọ̀ dé (mo ṣì ń wò ó, mo ti sanwó, ó wà lọ́nà, ó ti dé). Ọjà kan, ìlà kan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fo òpó ọjọ́ o, torí iye tẹ́ ẹ bá rí ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá, tí wọ́n ń dínwó káàkiri, kì í dúró.

Òpó "iye tó máa dé Àjàṣẹ́" ni mo fẹ́ràn jù. Ká ní yuan kan (owó Ṣáínà) jẹ́ 80 fáránkì, kí ẹni tó ń fi bàálù kẹ́rù wá sì máa gba 9000 fáránkì lórí kílò kan. Báàgì àkọ́kọ́ jẹ́ 42 yuan, ó wọn 0,6 kílò. Èkejì jẹ́ 58 yuan, kò sì ju 0,35 kílò lọ. Lójú, àkọ́kọ́ ló dínwó. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: 3360 lé 5400, ó di 8760. Ti èkejì jẹ́ 4640 lé 3150, ó di 7790. Èyí tó wọ́n lójú ló wá fi 970 fáránkì dín nígbà tó délé. Lórí ẹyọ ogún, ẹ ti mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí fún ẹni tó ń pàtẹ ní ọjà Ouando.

Lẹ́tà ni orúkọ òpó, nọ́mbà ni ti ìlà: D ni òpó iye, F ni ti kílò, G ni ti iye tó máa dé Àjàṣẹ́. Mo kọ iye fáránkì tí yuan kan jẹ́ sí àpótí J1, mo kọ owó kílò sí J2, mo wá kọ fọ́múlà yìí, =D2*$J$1+F2*$J$2, sí G2, mo sì fà á lọ sísàlẹ̀. Àmì dọ́là yẹn ni kì í jẹ́ kí J1 àti J2 sún kúrò nípò. Bí owó yuan bá yí, J1 nìkan ni màá tún kọ, gbogbo òpó á yí tẹ̀ lé e. Ọjà tí olùtajà kò bá kọ kílò rẹ̀, mo máa ń kun ìlà rẹ̀ ní yẹ́lò títí yóò fi dá mi lóhùn. Mi ò kí ń sanwó ọjà tí mi ò mọ kílò rẹ̀.

Ohun tó ń yọ èèyàn lẹ́nu náà wà. Èdè Faransé lọ̀pọ̀ fóònù wa níbí ń sọ, nítorí náà 0,6 lẹ máa kọ, ẹ má kọ 0.6, torí kò ní kà á sí nọ́mbà tó tọ́. Bẹ́ẹ̀ ni fídíò tí àwọn ará Èkó fi ń kọ́ni máa ń fi kọ́má pín inú fọ́múlà, tiwa sì ń fẹ́ àmì ;. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti torí èyí pa á tì, ó sì dùn mí, nítorí pé nǹkan kékeré ni. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lè yí i padà nínú "Paramètres régionaux".

Líǹkì gígùn náà ń su èèyàn. Ti AliExpress, ọ̀kan lára àwọn ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì Ṣáínà, ẹ lè gé gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn àmì ìbéèrè dànù, ọjà náà á ṣì ṣí. Ẹ má dán an wò pẹ̀lú Taobao, tó jẹ́ òmíràn nínú wọn, ibẹ̀ gan-an ni nọ́mbà ọjà máa ń wà.

Àbúrò mi tó wà ní Kétu ń ṣí fáìlì kan náà lórí fóònù tiẹ̀, ó ń fi ohun tó bá rí kún un, a ò sì ra ọjà kan náà lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Àmọ́ ẹ má fi fáìlì yìí ránṣẹ́ sí oníbàárà, kódà kó jẹ́ pé wíwò nìkan lẹ fún un láyè, torí ó máa rí iye tẹ́ ẹ rà á. Fáìlì mìíràn ni mo ṣe fún wọn, tó ní orúkọ ọjà, àwọ̀ àti iye tí mò ń tà á nìkan.