Ṣájà kékeré tó ṣọ́ bátìrì kárávàn mi nígbà òtútù

Lọ́dún tó kọjá, bátìrì kan kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo gbé kárávàn mi, ilé kékeré tí mọ́tò ń fà, pamọ́ kí òtútù tó dé, mo pa gbogbo iná, mo tilẹ̀kùn, ó tán. Mi ò rántí pé álààmù inú rẹ̀ kì í sùn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń fa iná, tọ̀sán-tòru. Ìgbà tí mo padà dé tí mo fi mítà sí i, fóòtì 10.3 ni mo bá. Gbogbo bí mo ṣe ṣájì í, kò gba iná mọ́.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n ra ṣájà yìí, irú èyí tó ń wọn iná bátìrì fúnra rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ gbà á. Á ti iná wọlé títí á fi dé nǹkan bíi fóòtì 14.4, lẹ́yìn náà á rọra sọ̀ kalẹ̀ sí 13.6, á sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tó ń sùn. Èyí tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ kò mọ̀ pé ó ti tó. Ṣe ni omi bátìrì á máa hó ṣáá.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni bátìrì mi fi wà lórí ṣájà yìí. Mo yọ ọ́, mo jẹ́ kó sinmi di ọjọ́ kejì, torí béèyàn bá wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀, mítà á tan èèyàn jẹ. 12.7! Mo tún un wọ̀n kó lè dá mi lójú. Bátìrì olójé tó bá pẹ́ nísàlẹ̀ 12.4, nǹkan funfun kan á máa gan mọ́ òjé inú rẹ̀, agbára rẹ̀ á sì dín kù. Èyí tí iná inú rẹ̀ bá tán pátápátá tiẹ̀ lè dì bíi yìnyín, kó sán.

Ẹ̀sùn mi ò pọ̀. Wáyà rẹ̀ kúrú, orí korobá tí mo dojú ẹ̀ délẹ̀ ni mo gbé e lé. Tíná bá sì lọ tó dé, ó máa ń gbàgbé irú bátìrì tí mo ti yàn fún un, èyí sì ń bí mi nínú.

Bí kò bá síná níbi tí kárávàn yín wà, ẹ má wulẹ̀ rà á. Ẹ yọ bátìrì náà, kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé. Mo ti dán sólà kékeré wò rí, àmọ́ oòrùn ìgbà òtútù kì í pẹ́ lójú ọ̀run, ewé sì tún lọ bò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo bátìrì lítíọ́ọ̀mù dípò olójé, tèmi yìí kò ní ti lítíọ́ọ̀mù nínú ohun téèyàn lè yàn, ẹ wá tiyín lọ.