Ẹ ṣọ́ra: ọlọ́jà kan ń ta orúkọ ìlú fún wa ní Guangzhou

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Guangzhou, àti ẹ̀yin tí ẹ máa ń fowó ránṣẹ́ síbẹ̀ kí wọ́n bá yín ra ohun ọ̀ṣọ́ ilé, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Gbájúẹ̀ kan wà lórí WeChat tó ń wá àwa ọmọ Nàìjíríà kiri. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ẹjọ́ wa kò tíì parí, ṣùgbọ́n ẹ ó dá a mọ̀ lẹ́nu. Kí ẹ tó béèrè iye ọjà, orúkọ ìlú ló máa kọ́kọ́ dá fún yín: "Suzhou lèyí ti wá o, ti Jingdezhen nìyẹn." Orúkọ ìlú yẹn gan-an ló ń tà.

Mo san 2,600 yuan fún un. Ohun tí mo fi rà ni àwòrán ológbò kan tí wọ́n fi òwú sílíkì rán sára aṣọ, tó wà nínú férémù, pẹ̀lú ìkòkò òdòdó jingtailan méjì, ìyẹn ìkòkò bàbà tí wọ́n fi wáyà àti gíláàsì aláwọ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ó ní ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ó tiẹ̀ fi fídíò ìyá àgbà kan ránṣẹ́ sí mi, tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, tó ń rán ológbò. (Fídíò kan náà ni ọ̀rẹ́ mi gbà lọ́wọ́ ọlọ́jà mìíràn lóṣù tó kọjá. Ìyá yẹn á mà ti rán ológbò o.)

Irọ́ kọ́ ni pé Suzhou lókìkí. Ìpínlẹ̀ Jiangsu ló wà, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin tí àwọn ará Ṣáínà kà sí ọ̀gá: ti Suzhou, ti Hunan, ti Sichuan, àti ti Guangdong tí a wà yìí. Àwọn aránṣọ Suzhou máa ń la ẹyọ òwú sílíkì kan sí ọ̀nà púpọ̀ títí yóò fi tín-ín-rín, òun ni wọ́n fi ń rán irunmú ológbò. Èyí tó gbayì jù ni olójú méjì: bí ẹ bá lọ sẹ́yìn férémù, ológbò náà ló tún ń wò yín, ẹ ò sì ní rí kókó òwú kankan. Olójú méjì ló pe tèmi, àmọ́ páálí ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí mo ya páálí náà, òwú funfun ló kún ẹ̀yìn aṣọ láti etí dé etí, ìyẹn òwú ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, tó ń lọ déédéé bí ìlà ìwé. Ẹni tó bá ti ra agbádá rí mọ̀ pé a máa ń yí ọrùn rẹ̀ padà wò ká tó náwó iṣẹ́ ọwọ́ lé e. Èmi tí mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò yí ológbò padà.

Ìkòkò òdòdó wá ńkọ́? Iṣẹ́ Beijing ni jingtailan. Àsìkò Jingtai, láyé àwọn ọba Ming, 1450 sí 1457, ló gba orúkọ rẹ̀. Bàbà ni ara ìkòkò. Wọ́n á tẹ wáyà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ bí òdòdó, bí ewé, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára, wọ́n á fi gíláàsì aláwọ̀ tí wọ́n lọ̀ kúnná dí àárín wáyà, wọ́n á sun ún níná, wọ́n á tún dí i, wọ́n á tún sun ún, kí wọ́n tó wá lọ̀ ọ́ kó dán, kí wọ́n sì fi góòlù bo wáyà. Mo gbé òòfà sún mọ́ tèmi, ó gbá a mú gbàgì. Òòfà kì í mú bàbà. Mo fi èékánná ha "wáyà" rẹ̀, ọ̀dà ló ṣí.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ó ti tú àṣírí ara rẹ̀ kí n tó sanwó. Ó ní Jingdezhen ni wọ́n ti ṣe jingtailan náà. Jingdezhen, ní ìpínlẹ̀ Jiangxi, ìlú tánńganran ni! Bí ẹni tó ń polówó àdìrẹ Ìṣẹ́yìn ni. Mo gbọ́ ọ, mo sì sanwó.

Nígbà tí mo fẹ̀sùn kàn án, kò bá mi jà. Ó ní kí n fi 3,000 yuan kún un, òun á fi ìkòkò ayé àtijọ́ kan tù mí nínú. Lẹ́tà Ṣáínà mẹ́fà wà nídìí rẹ̀ pé ayé ọba Qianlong ni wọ́n ṣe é, ìyẹn 1736 sí 1795. Ẹ gbọ́, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ọba tó ti kú sídìí ìkòkò tuntun. Òfin Ṣáínà ò sì jẹ́ kí irú ohun àtijọ́ bẹ́ẹ̀ tó ṣáájú 1911 jáde nílùú wọn. Tó bá jẹ́ òótọ́, kọ́sítọ́ọ̀mù á gbà á lọ́wọ́ yín. Tí wọ́n bá jẹ́ kí ẹ gbé e kọjá, ẹ ti mọ ohun tí ẹ rà.

Ẹ béèrè fapiao, ìyẹn rìsíìtì ìjọba, kí ẹ tó sanwó, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ẹ má fowó ránṣẹ́ bí ẹ̀bùn ọ̀rẹ́ lórí WeChat, bó ṣe ní kí n ṣe. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́ lórí fóònù. Òfin wọn ní ọlọ́jà tó bá lu oníbàárà ní jìbìtì gbọ́dọ̀ san ìlọ́po mẹ́ta owó ọjà fún un. Bí ìyẹn ò bá tó 500 yuan, 500 ni yóò san. 12315 ni nọ́ńbà tí a ń pè láti fẹjọ́ ọlọ́jà sùn. Aládùúgbò mi tó gbọ́ èdè wọn dáadáa ló bá mi pè é.

Mi ò bá iṣẹ́ ẹ̀rọ jà o. Ọ̀kan wà ní pálọ̀ mi tí mo rà ní 80 yuan. Ẹni tó tà á sọ fún mi pé ẹ̀rọ ni, kò sí wàhálà.

Lánàá ni bàbá yìí pààrọ̀ àwòrán WeChat rẹ̀. Ìkòkò tíì Yixing, ìlú tó lókìkí fún ìkòkò amọ̀, ló gbé síbẹ̀ báyìí, ó ń dán gbinrin bí abọ́ tánńganran. Wọn kì í sábà kun ohun tó ń dán bẹ́ẹ̀ sára amọ̀ Yixing.