Ìtànṣán ọ̀sẹ̀ 6 àbí ti ọ̀sẹ̀ 3: èwo ni kí ará Kétu mú?

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní glioblastoma, ìtànṣán, ìyẹn iná ẹ̀rọ tó ń pa ìyókù jẹjẹrẹ, ló kàn. Ti gígùn jẹ́ ìgbà 30, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, 60 Gy lápapọ̀ (Gy ni òṣùwọ̀n ìtànṣán tó wọ ara). Ti kúkúrú jẹ́ ìgbà 15, 40 Gy.

Owó ẹ̀rọ nìkan kọ́ ló ń tán ẹbí lápò. Ẹni tó kúrò ní Kétu lọ gbàtọ́jú n'Ìbàdàn yóò gba yàrá, ẹni tó sìn ín lọ yóò ti ìsọ̀ pa, ẹnu méjì yóò sì máa jẹun níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 6 ìyẹn kì í ṣe kékeré. Ibi tí owó bá ti tán lọ́nà ni ewu wà: bí aláìsàn bá ń pa ọjọ́ jẹ, jẹjẹrẹ á ráyè hù padà.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2004 fi hàn pé fún ẹni ọdún 60 sókè, iye ìgbà tí wọ́n lò láyé kò yàtọ̀ láàárín méjèèjì. Àwọn tó gba kúkúrú kò tilẹ̀ nílò àfikún dexamethasone, oògùn tó ń dín wíwú ọpọlọ kù, tó àwọn yòókù. (Oògùn yìí, ẹ má dá a dúró lójijì, kódà bó bá kù díẹ̀ kó tán.)

Àgbàlagbà, tàbí ẹni tí ara rẹ̀ kò le: kúkúrú bá a mu. Ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ ṣì le: gígùn pẹ̀lú temozolomide (oògùn jẹjẹrẹ) ni, nítorí ìtànṣán ti kúkúrú máa ń lágbára jù lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè ba ọpọlọ jẹ́ tó bá yá. Kí wọ́n wá owó yàrá sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.