Inca Trail ọlọ́jọ́ mẹ́rin dé Machu Picchu: ẹ wo àwọn alábàárù kẹ́ ẹ tó sanwó

Mo ti rin Inca Trail parí, ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́ àwọn Inca tó jọba ní Peru láyé ọjọ́un, láti Km 82 níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ dé Machu Picchu, ìlú òkúta wọn lórí òkè, bíi kìlómítà 43, mo sì fẹ́ bá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú owó láti lọ sọ̀rọ̀. Ó dáa gan-an, màá tún lọ. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó fún ilé-iṣẹ́ kankan, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn alábàárù wọn, torí àwọn yẹn ni gbogbo ìrìn náà dúró lé.

Àwọn ọmọ Quechua, ẹ̀yà ìbílẹ̀ ibẹ̀, láti abúlé orí òkè ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ló ń ru tẹ́ńtì, ìkòkò, gáàsì, àga àti oúnjẹ, láàárọ̀ àwa á ti ṣáájú nígbà tí wọ́n ṣì ń tú tẹ́ńtì, kò ní pẹ́ wọ́n á ti sáré kọjá lára wa lórí àtẹ̀gùn òkúta pẹ̀lú ẹrù gègèrè lẹ́yìn, ìgbà tá a bá fi máa wọ́ ẹsẹ̀ dé ibùdó, tẹ́ńtì ti dúró, omi gbígbóná ti wà nínú bàsíà, oúnjẹ ti jinná. Ọbẹ̀ quinoa, irú ọkà kan níbẹ̀, tí kúùkù wa sè nínú òtútù yẹn, ó ṣì ń ta sánsán nímú mi. Òfin Peru ní ẹrù alábàárù ọkùnrin ò gbọdọ̀ ju kílò 20 lọ, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Ilé-iṣẹ́ tá a bá lọ pa òfin yìí mọ́, wọ́n fún wọn ní bàtà àti aṣọ òjò. Àmọ́ mo rí ti ilé-iṣẹ́ míì tí kò sí nǹkan òjò kankan lára wọn, inú mi bàjẹ́. Tówó ilé-iṣẹ́ kan bá kéré ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ, ó lè jẹ́ ara àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ti ń rẹ́ ẹ.

Ẹ ò lè dá lọ o, àfi pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ tó ní láísẹ́ńsì. Èèyàn 500 ni ìjọba ń gbà wọlé lóòjọ́, àtàwọn gáìdì àtàwọn alábàárù ló wà nínú iye yẹn, ìdí nìyẹn tí pámíìtì oṣù karùn-ún sí ìkẹjọ fi máa ń tán tipẹ́tipẹ́. Nọ́mbà pásípọ́ọ̀tù tẹ́ ẹ fi gbà á ni wọ́n á yẹ̀ wò. Oṣù kejì, wọ́n máa ń ti ọ̀nà náà pa fún àtúnṣe.

Ẹ má ti inú bàálù bọ́ sórí òkè ṣá. Cusco, ìlú tẹ́ ẹ ó kọ́kọ́ dé, fúnra ẹ̀ ga tó mítà 3,400, ẹ sùn níbẹ̀ bí ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹ máa mu tíì ewé kókà, kí ibi gíga tí afẹ́fẹ́ ò ti pọ̀ yẹn lè mọ́ yín lára. Torí ọjọ́ kejì le! Láti Wayllabamba ẹ ó máa gùn ún lọ títí dé Warmiwañusca, ibi tó ga jù lójú ọ̀nà náà, mítà 4,215, èémí ò ní tó, orí á máa fọ́, gáìdì wa kàn ń sọ pé díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀, òótọ́ ló sọ. Sísọ̀kalẹ̀ sí ibùdó Pacaymayo ló wá ń dá orúnkún lóró, ẹ mú ọ̀pá dání, kó ní rọ́bà nídìí torí wọn ò gba onírin.

Ọjọ́ kẹta ni mo fẹ́ràn jù. Runkurakay, Sayacmarca, Phuyupatamarca, ẹ ó máa já síbi ilé àtijọ́ kan tẹ̀lé òmíì, ìkùukùu á bo igbó, á tún ṣí, àfonífojì á yọ nísàlẹ̀. Lára ògiri tó dáa jù, òkúta wọnú ara wọn bí eyín, kò sí sìmẹ́ńtì. Ẹsẹ̀ yín sì wà lórí òkúta táwọn Inca fúnra wọn tò. Ní Wiñay Wayna, òmíì nínú àwọn ilé àtijọ́ yẹn, mo jókòó, mi ò fẹ́ dìde.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ojú ọ̀nà ò dáa rárá, ẹ mú tíṣù.

Ẹ ṣẹ́ soles, owó Peru, sí wẹ́wẹ́ ní Ollantaytambo, ìlú tẹ́ ẹ ó gbà kọjá kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn, kò sí ATM lókè. Alẹ́ ọjọ́ kẹta ni kẹ́ ẹ fi owó ọpẹ́ lé àwọn alábàárù lọ́wọ́ fúnra yín, torí wọn kì í bá yín dé Machu Picchu, ìdájí ọjọ́ kẹrin tẹ́ ẹ bá ń lọ sí Inti Punku, ẹnubodè òkúta tẹ́ ẹ ó gbà wọ Machu Picchu, wọ́n ti ń sáré sọ̀kalẹ̀ lọ bá rélùwéè tó máa gbé wọn padà sílé.