Awò wo ni ká gbé lọ wo àbùùbùtán létí òkun?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbéra láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sétíkun Èkó láàárín oṣù keje sí ìkẹwàá, nígbà tí àbùùbùtán abuké máa ń wá sápá òkun wa, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá tàn yín jẹ.

Awò olójú méjì 7x50 la fọwọ́ sí: 7 ni ìlọ́po tó fi ń sọ nǹkan di ńlá, 50 sì ni bí dígí iwájú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà. Ìlọ́po méje kò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í gbọ̀n púpọ̀ lọ́wọ́, ojú òkun tó ń fi hàn sì fẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà sójú ẹni fẹ̀ tó mìlímítà 7. Ti 10x42 ò ju 4.2 lọ, nítorí náà 7x50 ló dáa láfẹ̀mọ́júmọ́. Ó kàn wúwo ni, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ á sì gé yín lọ́rùn.

Awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, 20-60x, èyí tẹ́ ẹ lè yí láti ìlọ́po 20 dé 60, kì í ṣe ohun ìwákiri rárá. Ẹ kọ́kọ́ fi 7x50 wá èémí tó ń tú sókè bí èéfín funfun, kẹ́ ẹ tó dojú awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kọ ibẹ̀ ní 20 tàbí 25. Tẹ́ ẹ bá yí i kọjá 40 lọ́sàn-án, ooru á mú kí gbogbo rẹ̀ máa jó lójú yín. Owó tí wọ́n ń gbà lórí 60 yẹn, òfò ni.

Iyọ̀ ló ń ba dígí jẹ́ jù. Ẹ má fi aṣọ nù ún ní gbígbẹ, á ha. Omi tó mọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ṣàn án. Torí ẹ̀, èyí tómi ò lè wọ̀ ni kẹ́ ẹ rà.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gbé e síta ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi wo òpó iná tó jìnnà. Tí òpó kan bá di méjì, dígí inú rẹ̀ ti yẹ̀. Ẹ dá a padà fún wọn.