Bátìrì lithium «yúnìtì 5» nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ní Ilé-Ifẹ̀: ohun tí ojú mi rí

Iṣẹ́ aránṣọ ni mo ń ṣe ní Ilé-Ifẹ̀, ìsàlẹ̀ ilé tí èmi àti àwọn ọmọ ń gbé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Bátìrì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni lithium iron phosphate, fóltì 51.2, 100 Ah, èyí tí àwọn tó ń ta sólà ń pè ní yúnìtì 5, ìyẹn kilowatt-hour 5. Mo ti lò ó nígbà òjò, mo ti lò ó nígbà ọyẹ́. Ó dára, màá sì tún un rà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn ló yẹ kó rà á, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ìsàlẹ̀.

Tubular mẹ́rin, ìyẹn bátìrì olómi, ni mo ń lò tẹ́lẹ̀, fóltì 12, 220 Ah ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ṣírò rẹ̀ lórí ìwé, ó lé ní yúnìtì 10. Ìwé nìyẹn o. Bátìrì olómi kì í fẹ́ kéèyàn fa iná inú rẹ̀ kọjá ìdajì, tónítọ̀hún bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ òun. Yúnìtì 5 náà ni mo ń rí lò. Nínú 5 tí mo ní báyìí, mo ń lo nǹkan bíi 4.5 láìfòyà. Ẹni tó bá lọ sọ́jà tó ń wo 10 àti 5 nìkan á rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ ni. Owó rẹ̀ ju ti tubular mẹ́rin lọ nígbà tí mo rà á, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ.

Síbẹ̀, òjò gan-an ló lé mi kúrò nídìí tubular. Ní Ifẹ̀ níbí, tó bá ti di oṣù kẹfà, oòrùn lè yọ ní aago mọ́kànlá kí ìkùukùu sì ti bò ó ní aago méjì. Bátìrì olómi kì í sì í yára gba iná. Tó bá ti gba nǹkan bí ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀. Ì báà jẹ́ páànẹ́lì mẹ́wàá lẹ ní lórí òrùlé, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa mu ún, ọ̀pọ̀ wákàtí ni yóò sì fi mu ìyókù. Oòrùn ò ní dúró dè é. Tí kò bá wá kún lónìí, tí kò kún lọ́la, tí kò kún lọ́tùnla, nǹkan funfun kan á máa gan mọ́ òjé inú rẹ̀, ibi tó bá sì ti gan mọ́ kò ní gba iná mọ́. Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ tubular ní àdúgbò wa nìyẹn, kí wọ́n tó dàgbà rárá. Ti lithium ò rí bẹ́ẹ̀. Bí oòrùn bá yọ fún wákàtí méjì péré, gbogbo ohun tí páànẹ́lì bá fún un ló máa gbà. Tí kò bá kún, kò sí ohun tó ṣe é. Nínú iná 100 téèyàn bá rọ sínú bátìrì olómi, nǹkan bí 80 ló ń rí gbà padà; lithium ń dá nǹkan bí 95 padà. Nínú oṣù keje, ìyàtọ̀ yẹn ló ń gbé fíríìjì mi mọ́jú.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó wà nílẹ̀, òjò ti ń rọ̀ látàárọ̀, kò síná, ojú inverter sì fi hàn pé 31 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù nínú bátìrì. Mo yọ áyọ́ọ̀nù kúrò nínú iná, mo ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa rán lọ. Ní nǹkan bí aago kan, ojú ọ̀run là fún ìgbà díẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wò ó: 34, 39, 47. Nígbà tí ìkùukùu fi máa padà, ó ti wọ 60. A lọ gbogbo aṣọ yẹn, a sì kó wọn fún oníǹkan lálẹ́ ọjọ́ náà láì yí jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó bá mọ iye tá à ń ra lítà epo kan kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tó sì mọ̀ pé ó kọjá 1,000 náírà ní 2024, á mọ ìdí tí inú mi fi dùn tó bẹ́ẹ̀.

Lithium náà ò tilẹ̀ jẹ́ oríṣi kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní NMC fúyẹ́ ju tèmi lọ, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ iná ló ń lò ó, wọ́n sì ti ń tú u kúrò lára ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ wá tà fún wa. Mo fẹ́ rà á, torí owó rẹ̀ ò ga. Àbúrò mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ẹnjinnía ní OAU ló dá mi dúró. Ọ̀rọ̀ táǹkì ogun kì í sú ọmọ yẹn.

Ó ní, «Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo T-72 tí àwọn ará Rọ́ṣíà ṣe. Ẹ̀rọ ló ń ki ọta sí ìbọn rẹ̀, èèyàn mẹ́ta péré ló wà nínú ẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi lè ṣe é kékeré, tí kò wúwo púpọ̀. Àmọ́ abẹ́ àwọn èèyàn yẹn gan-an ni wọ́n to ọta sí. Tí nǹkan bá wọlé bá ọta yẹn, orí táǹkì náà lè fò sókè. Àwọn Amẹ́ríkà ṣe Abrams, ó lé ní ọgọ́ta tọ́ọ̀nù, èèyàn mẹ́rin ló gbà. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn irin ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú ọta rẹ̀ sí, wọ́n sì ṣe òrùlé ibẹ̀ kó lè ṣí síta bí ọta bá bú, kí iná má bàa yà sọ́dọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó lágbára ẹṣin 1,500 sì ń mu epo bí omi, kódà tó bá dúró sójú kan.»

Mo ní, «Kí ló wá kan bátìrì tèmi níbẹ̀?»

Ó ní, «Ibo lẹ fẹ́ gbé e sí? Ṣebí abẹ́ àtẹ̀gùn, tòsí yàrá àwọn ọmọ. Ilé yín ò rìn lọ síbì kankan, ẹ̀gbọ́n mi. Kí lẹ fẹ́ fi fífúyẹ́ ṣe?»

Ọ̀rọ̀ yẹn ló parí ẹ̀. Bí NMC bá gbóná kọjá ààlà, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn máa ń jáde lára òun fúnra rẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn á sì máa ran iná náà lọ́wọ́. Ti phosphate, irú tèmi yìí, ọ́síjìn inú rẹ̀ so mọ́ra pinpin, kì í tètè tú. Kì í ṣe pé kò lè jóná láéláé, àmọ́ ó ṣòro kó tó bẹ̀rẹ̀. John Goodenough àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Texas ló gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1997. Ọkùnrin yẹn wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019 lórí bátìrì lithium, ẹni ọdún 97 ni nígbà yẹn. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nínú ọkàn mi.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tó ti ń dùn mí.

Àkọ́kọ́ ni pé ó níye iná tó lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé tèmi sọ pé kí á má fa ju 50 A lọ, ìyẹn nǹkan bí 2,500 wáàtì. Áyọ́ọ̀nù mi nìkan ń jẹ 1,200. Tí fíríìjì bá ń ṣiṣẹ́, tẹ́nì kan tún lọ tan pọ́ǹpù kànga, pọ́ǹpù yẹn á gba iná ńlá níbi tó ti fẹ́ gbéra, gbogbo ilé á sì ṣókùnkùn. Tubular mẹ́rin yẹn ì bá gbà á mọ́ra. Lithium ò ní sọ pé ẹ má bínú. BMS, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ inú rẹ̀, á pa á ni, kò ní kìlọ̀. Láti ìgbà náà, aago méjìlá sí méjì ni à ń lọṣọ, tí iná ń ti ọ̀dọ̀ páànẹ́lì bọ̀ tààrà. Mo tún yọ mọ́tò clutch kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo fi servo rọ́pò rẹ̀, torí clutch á máa yí láti àárọ̀ dalẹ́ bẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ ò tẹ̀ ẹ́, servo kì í yí àfi tẹ́sẹ̀ bá kan pẹ́dàlì. Ẹ̀yin aránṣọ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ṣe èyí kẹ́ ẹ tó rajà bátìrì rárá.

Èkejì, ẹ ò lè fi fóltì mọ iye tó kù nínú rẹ̀. Láti nǹkan bí 90 wá sí 20, fóltì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹsẹ̀. Inverter tó bá ń fojú fóltì wò ó á máa parọ́ fún yín. Wáyà kan wà tó ń jẹ́ kí bátìrì àti inverter máa bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹ rí i pé wọ́n so ó. Ẹni tó ṣe tèmi kò so ó, orí ètò bátìrì olómi ló sì fi inverter sí. BMS á ṣàdédé pa bátìrì lọ́sàn-án gangan, títí ẹlòmíì fi wá yí ètò náà padà.

Ẹ̀kẹta, bó bá bàjẹ́, ìṣòro ni. Tubular, ẹnikẹ́ni tó ń rọ iná sí bátìrì mọ́tò lè yẹ̀ ẹ́ wò, tó bá sì kú, wọ́n á wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n, wọ́n á fún yín lówó. Mi ò tíì rí ẹni tó lè ṣí lithium tọ́kàn mi balẹ̀ lé lọ́wọ́ nítòsí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ gbé e wò. Yúnìtì 5 tòótọ́ máa ń lé ní ogójì kílò. Bí ọmọdé bá lè fọwọ́ kan gbé e, ẹ wábi gbà. Ẹ jẹ́ kó kún, kẹ́ ẹ gbé gílóòbù tó jẹ́ 500 wáàtì lápapọ̀ lé e lórí lálẹ́, tí oòrùn ò sí. Ó yẹ kó tan fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Tó bá kú ní wákàtí mẹ́rin, tòkúnbọ̀ ló wà nínú páálí tuntun yẹn.

Ẹni tíná rẹ̀ kì í sábà lọ, tó jẹ́ pé bátìrì rẹ̀ kàn ń jókòó ní kíkún ni, kó má da ara rẹ̀ láàmú, tubular á tó o. Wẹ́dà àti ẹni tó ń lọ ata, ẹ ò gbọdọ̀ ra èyí tó jẹ́ 50 A. Èmi fẹ́ ra ìkejì mọ́ tèmi kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé. Oríṣi kan náà ni mo máa rà, màá sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì kún kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀, torí tí fóltì wọn ò bá dọ́gba, ọ̀kan á da iná lé èkejì lórí lójijì.