Ẹ ṣọ́ra o! Ẹ́ńjìnnì Kómbì tí wọ́n tà fún mi ní Àjàṣẹ́, ọ̀dà ni wọ́n fi bo ẹ̀tàn mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin ará tí ẹ ní Kómbì, bọ́ọ̀sì Volkswagen àtijọ́ yẹn, àti ẹ̀yin tí ẹ ń wá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kiri, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó kówó fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mi ò rí oorun sùn. 380,000 sẹ́ẹ̀fà ni ọkùnrin kan gbà lọ́wọ́ mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. 200,000 nínú rẹ̀, owó àjọ ìyàwó mi ni. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: owó àjọ ìyàwó mi, tó fi odidi ọdún kan dá nínú èrè gààrí tó ń tà.

Kómbì yìí, bàbá mi ló rà á lọ́wọ́ ará Jámánì kan tó ń padà sílùú rẹ̀. 1974 ni wọ́n ṣe é, irú èyí tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí sókè, tí ibùsùn àti sítóòfù gáàsì kékeré wà nínú rẹ̀. Bàbá mi ti lọ, ọkọ̀ náà ló kù sí mi lọ́wọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń tún un ṣe fúnra mi lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa. Èmi ni mò ń wọn àlàfo fáàfù rẹ̀, 0.15 mílímítà, láàárọ̀ kùtù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Èmi ni mò ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, lítà méjì ààbọ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ yìí. Mo mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Àwọn àgbà ní a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Tèmi lẹ́mọ, ó lẹ́mọ gan-an ni.

Orí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ló sán láàárín fáàfù méjì. Mo ń wá ẹ́ńjìnnì òmíràn, ẹnìkan sì júwe ọkùnrin yìí fún mi, lójú ọ̀nà Adjarra, tí èèyàn bá ti kọjá ọjà Ouando. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ síbí. Bí mo ṣe wọlé ló dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó." Ó ní kí wọ́n lọ ra omi tútù fún mi. Tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ méjì tó bá sọ, ó máa búra sí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, láti 1979 ni Jámánì ti dáwọ́ irú Kómbì yìí dúró. Ẹ̀yí tẹ́ ẹ rí yìí, ẹ ò ní rí irú ẹ̀ mọ́." Mo sì ń mi orí! Èmi tí mo mọ̀ pé Brazil ṣì ń ṣe Kómbì tó ń lo irú ẹ́ńjìnnì yìí, tí afẹ́fẹ́ ń mú tutù, títí di 2005, tí mo mọ̀ pé páàtì rẹ̀ kò tán nílé ayé. Mo jókòó, mo ń mu omi rẹ̀, mo ń mi orí.

Ẹ́ńjìnnì náà wà lórí táyà, ó so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì àlòkù kan, ó kùn ún lọ́dà aláwọ̀ fàdákà, ó ń dán gbinrin. Ó ta iná sí i, ó dún, ó rọra ń lọ bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ṣùgbọ́n mo ti fọwọ́ kàn án kó tó ṣáná sí i, ó gbóná. Ó gbóná! Mo bi í léèrè, ó ní oníbàárà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ni, pé ẹni náà ti sáré lọ kówó wá. Òjò ń ṣú bọ̀, wọ́n ń pe ìrun Màgàríbì. Ẹ̀rù bà mí pé ẹni yẹn máa gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ka owó sí i lọ́wọ́, mi ò gba ìwé kankan. Ó tiẹ̀ fi rọ́bà epo tuntun, èyí tí epo ń gbà dé ẹ́ńjìnnì, kún un fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́!

Ẹ̀bi mi ni. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kó kọ́kọ́ sọ fún mi bóyá òun náà kì í gba ẹni tó ń búra lórúkọ Ọlọ́run gbọ́.

Ìyàwó mi bi mí lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ dán an wò dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó?" Mo jágbe mọ́ ọn. Mi ò tíì rí ojú bẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ títí dòní.

Ọjọ́ Àìkú kejì, a gbéra lọ sí Kétu, ilé àwọn ẹbí wa tí kò jìnnà sí Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà. Ìyàwó mi àti ọmọ mẹ́rin wà lẹ́yìn. A kọjá Sakété, a ń gun òkè kékeré kan, ni nǹkan bá dún gbòà! bí ìbọn. Púlọ́ọ̀gì sìlíńdà kẹta ló fò jáde. Mo bọ́ sílẹ̀, mo ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, òórùn epo bẹntiróòlù gbá mi nímú. Rọ́bà ọ̀fẹ́ yẹn ti là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ tí ọyẹ́ bù jẹ, epo ń kán tó tó tó sórí irin gbígbóná. Rọ́bà omi ni, kì í ṣe ti epo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Irin ẹ́ńjìnnì yìí ní magnesium nínú. Tó bá gbaná, omi kì í pa á, ṣe ni omi ń dá kún un. Ọmọ mi mẹ́rin ló wà lórí ibùsùn tó wà lókè ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an. Mo kó wọn sọ̀ kalẹ̀ sínú koríko, ara mi ń gbọ̀n. 380,000 sẹ́ẹ̀fà ni mo san, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi owó mi ra ikú àwọn ọmọ mi.

Ọkọ̀ akẹ́rù ló fà wá padà sílé. Nígbà tí mo tú u, mo fi èékánná họ ọ̀dà fàdákà lẹ́nu ihò púlọ́ọ̀gì kẹta, ó ń ṣí bí èèpo ẹyin. Gọ́ọ̀mù ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ìlà tí púlọ́ọ̀gì ń wé mọ́ nínú ihò ti jẹ tán pátápátá, wọ́n wá po gọ́ọ̀mù, wọ́n fi lẹ púlọ́ọ̀gì mọ́bẹ̀. Mo tú ọ́ìlì rẹ̀: ó ki, ó ń fà wálẹ̀ bí oyin nígbà ọyẹ́. Nǹkan kan ni wọ́n pò mọ́ ọn kó má baà pariwo. Ìdọ̀tí irin tó wà nísàlẹ̀ àwo ń dán yinrinyinrin bí iyanrìn etí òkun. Nọ́ńbà tó yẹ kó wà lábẹ́ ìdúró dínámò, wọ́n ti fi fáìlì họ ọ́ dànù.

Mo pè é. Ó ní òun ń kírun, òun máa pè padà. Kò pè. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó bá a. Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tó sọ níwájú àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀: pé èmi ni mo bà á jẹ́, pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wa Kómbì. Èmi! Lórí ọkọ̀ tí mo ti ń wà láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún! Kò dọ̀bálẹ̀ mọ́, kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́. "Ọ̀gá, ẹ fi mí sílẹ̀," ló ní.

Láti ọjọ́ náà, mi ò gba èyíkéyìí nínú àwọn olùtà páàtì gbọ́ mọ́. Ẹni tó ń ta bẹ́líìtì, ẹni tó ń ta kabúrẹ́tọ̀, ẹni tó ń ta gásíkẹ́ẹ̀tì, ojú kan náà ni mo fi ń wò wọ́n. Tí wọ́n bá ní n ń bínú jù, wọ́n tọ́. Mò ń bínú.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà, ẹ yára gbọ́ èyí. Tí ẹ bá bá ẹ́ńjìnnì lójú gbígbóná, ẹ máa lọ, ẹ padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ fọwọ́ méjèèjì di púlì ńlá tó wà lẹ́yìn mú, ẹ tì í, ẹ fà á: tó bá dún kọ́kọ́ lọ́wọ́ yín, ibi tí kíránkì, irin ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, jókòó sí ti jẹ nìyẹn, torí 0.15 mílímítà ni ìpẹ̀kun ibi tó lè yí síwá sẹ́yìn dé. Ẹ̀tọ́ yín ni láti tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ tan iná sínú ihò wọn, pàápàá ìkẹta, òun ló máa ń gbóná jù. Ẹ tú àwo ìsàlẹ̀ tó sẹ́ ọ́ìlì, nọ́ọ̀tì kéékèèké mẹ́fà péré ni, kẹ́ ẹ rí ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà. Ẹ gba ìwé. Ẹ má sanwó tán. Rọ́bà epo, ẹ lọ ra tiyín fúnra yín.

Ẹ́ńjìnnì náà ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò wa, mi ò fọwọ́ kan gọ́ọ̀mù yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i, kó wá. Lánàá, ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò ibẹ̀ sọ fún mi pé òmíràn ti gorí táyà. Wọ́n ti kùn ún láwọ̀ fàdákà.